Touchpad laptop, driver rẹ̀ àti àṣẹ ìka: ìbéèrè àti ìdáhùn

Púpọ̀ nínú laptop tí à ń lò nílẹ̀ Yorùbá lónìí, tòkunbọ̀ ni: HP EliteBook, Dell Latitude, Lenovo ThinkPad tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti lò kọjá. Kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa, wọ́n á ti pa gbogbo ohun tó wà lórí wọn rẹ́, wọ́n á sì ti fi Windows tuntun sí i. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ fún touchpad, ìyẹn ojú pẹlẹbẹ tó wà níwájú kíbọọ̀dù tí a fi ìka ń darí ọfà ojú kọ̀ǹpútà. Ọfà á máa rìn, ṣùgbọ́n ìka méjì ò ní yí ojú ewé mọ́, ìka mẹ́ta ò ní ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti san owó touchpad tuntun nítorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé driver lásán ni kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀, torí kò yẹ kí owó yẹn jáde. Ẹ ka ìdáhùn wọ̀nyí kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni tú laptop yín. Ohun tí ẹ máa rí lójú Settings pé ó jẹ́ gesture ni mò ń pè ní àṣẹ ìka níbí.

Ọfà ń rìn dáadáa, mo sì lè tẹ nǹkan, àmọ́ ìka méjì kò yí ojú ewé sókè sódò. Ṣé touchpad mi ti bàjẹ́ ni?

Kò jọ bẹ́ẹ̀. Bí ọfà bá ń rìn, tí ẹ sì lè tẹ nǹkan, a jẹ́ pé touchpad ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́, wáyà rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ. Ohun tó sábà máa ń sọnù ni driver, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows gbọ́ ohun tí touchpad ń sọ.

Ọ̀pọ̀ touchpad tí kò bá rí driver tirẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé máòsì ni òun. Ìlànà tí máòsì ayé àtijọ́ fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní PS/2. Báìtì mẹ́ta péré, ìyẹn ègé ìsọfúnni kékeré mẹ́ta, ló ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan: àkọ́kọ́ ń sọ bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀, ìkejì ń sọ bí ọfà ṣe sún sí ọ̀tún tàbí òsì, ìkẹta ń sọ bó ṣe sún sókè tàbí sísàlẹ̀. Kò sí àyè kankan nínú báìtì mẹ́ta yìí tí a lè fi sọ pé ìka kejì wà níbẹ̀. Touchpad rí ìka méjì, ó mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu tó lè fi sọ ọ́. Bí ẹ bá wá fi driver tó yẹ sí i, á fi ìlànà máòsì sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà tirẹ̀, ìka méjì á sì padà.

Báwo ni touchpad ṣe ń mọ̀ pé ìka kan òun, àti pé ìka mélòó ni?

Lábẹ́ ojú rẹ̀ tó dán yẹn, okùn iná tín-tìn-tín pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ní ìbú, àwọn kan ní òró, tí wọ́n ń pàdé ara wọn. Iná díẹ̀ wà ní gbogbo oríta tí wọ́n ti pàdé. Ara ọmọ ènìyàn náà máa ń gba iná, nítorí náà bí ìka bá ti sún mọ́ oríta kan, ìwọ̀n iná ibẹ̀ á yí padà díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́yìn touchpad á máa ka gbogbo oríta wọ̀nyí léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá rí ibi méjì tí iná ti yí padà, ìka méjì nìyẹn.

Ìdí nìyí tí èékánná, bírò àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn kì í fi í mú ọfà rìn. Ìdí náà nìyí tí ọwọ́ tútù, òógùn àti òróró fi ń dà á láàmú, torí omi náà ń gba iná, touchpad sì lè ka ẹ̀kán omi kan sí ìka. Ẹ pa laptop, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ fi spirit díẹ̀ rin nù ún. Ẹ má fọ́n omi sí i tààrà. Bí ẹni tó tà á fún yín bá lẹ sítíkà tó nípọn mọ́ ọn lórí, ẹ ṣí i kúrò.

Apple ló kọ́kọ́ fi irú touchpad báyìí sórí laptop tó gbajúmọ̀, PowerBook 500, ní ọdún 1994. Nígbà yẹn, ìka kan ṣoṣo ni. Iṣẹ́ ìka púpọ̀ tí Apple wá di olókìkí fún lẹ́yìn náà ní í ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ FingerWorks, tí wọ́n rà ní ọdún 2005. Àwọn méjì tó dá a sílẹ̀, Wayne Westerman àti John Elias, ti Yunifásítì Delaware wá. Ọdún 2008 ni MacBook Air gbé touchpad tó ń mọ ìka púpọ̀ jáde.

Lórí laptop Windows, orúkọ mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀: Synaptics ti Amẹ́ríkà, ELAN ti Taiwan àti ALPS ti Japan. Ohun yòówù kó jẹ́ orúkọ tó wà lẹ́yìn laptop yín, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ló ṣe touchpad rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ irú driver tó wà lórí tèmi?

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́ X, kí ẹ wá tẹ M. Device Manager, ibi tí Windows to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ inú laptop sí, á ṣí. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Mice and other pointing devices" sí, kí ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè tú sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ "PS/2 Compatible Mouse" nìkan ni ẹ rí níbẹ̀, touchpad yín wà nínú ìlànà máòsì tí mo sọ lókè yẹn, kò sì ní driver tirẹ̀. Bí ẹ bá rí "Synaptics", "ELAN" tàbí "ALPS" nínú orúkọ rẹ̀, driver iléeṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé àṣẹ ìka kàn wà ní pípa ni. Kí ẹ tún wo "Human Interface Devices" tó wà lókè. Bí ẹ bá rí "HID-compliant touch pad" níbẹ̀, Precision Touchpad lẹ ní, ọ̀rọ̀ yín sì rọrùn jù.

Bí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè bá wà lára "I2C HID Device", orúkọ tí ọ̀pọ̀ touchpad òde òní ń jẹ́ níbẹ̀, ẹ fo lọ sí ìbéèrè tó sọ nípa Code 10. Bó bá sì jẹ́ pé kò sí orúkọ touchpad kankan níbì kankan, ẹ wo ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Kí ni Precision Touchpad yìí gan-an?

Nígbà kan, touchpad fúnra rẹ̀ àti driver iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ń pinnu ohun tí ìka yín túmọ̀ sí. Synaptics ní tirẹ̀, ELAN ní tirẹ̀, ìwà wọn ò sì bára mu. Ìka mẹ́ta tó ń ṣí nǹkan kan lórí HP lè má ṣe nǹkan kan lórí Dell. Láti ìgbà Windows 8.1, lọ́dún 2013, Microsoft gbé ìlànà tuntun kalẹ̀: kí touchpad kàn máa sọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan wà, kí Windows fúnra rẹ̀ wá pinnu ohun tí ìka náà ń fẹ́. Èyí ló jẹ́ kí àṣẹ ìka bára mu lórí gbogbo laptop tó gba ìlànà náà, driver rẹ̀ sì ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀.

Lórí Windows 10, ẹ lọ sí Settings, Devices, Touchpad. Bí ẹ bá rí "Your PC has a precision touchpad" lókè ibẹ̀, ẹ ní in. Lórí Windows 11, Settings, Bluetooth & devices, Touchpad ni. Níbẹ̀, bí ẹ bá rí "Three-finger gestures", ẹ ní in.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń bi mí lórí èyí: kí ló dé tí ìka mẹ́rin kò fi hàn lórí tiwọn? Ìlànà Microsoft sọ pé ìka tó kéré jù tí touchpad gbọ́dọ̀ lè rí lẹ́ẹ̀kan náà ni mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù sì ni márùn-ún. Bó bá jẹ́ mẹ́ta ni tiyín lè rí, kò sí driver tó lè fi ìkẹrin kún un.

Níbo ni kí n ti gba driver tó dára?

Lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe laptop. Ẹ yí i padà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Dell máa ń kọ Service Tag síbẹ̀, HP àti Lenovo máa ń kọ serial number. Ẹ lọ sí ìkànnì ìrànwọ́ iléeṣẹ́ ọ̀hún, ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, wọ́n á kó gbogbo driver tó jẹ́ ti laptop yẹn gan-an jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pa rẹ́, bó ṣe máa ń rí lára tòkunbọ̀, nọ́ńbà náà sábà máa ń wà nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí.

Ọ̀nà kejì ni Windows Update: Settings, Windows Update, Advanced options, Optional updates, kí ẹ wo Driver updates. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni driver touchpad máa wà níbẹ̀ tó ń dúró de kí ẹ fọwọ́ sí i. Windows kì í fi irú èyí sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún àwọn ètò tó ń sọ pé àwọn á wá gbogbo driver yín fún yín, tí wọ́n wá ń béèrè owó. Ohun tí wọ́n fẹ́ tà yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn míì nínú wọn sì ń kó ẹrù burúkú wọlé. Bákan náà ni mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti gbé driver laptop mìíràn sórí tiyín. Òótọ́ ni pé àwọn kan ti gbé driver Synaptics láti ara laptop tuntun sórí èyí tó ti pẹ́, tó sì di Precision Touchpad fún wọn. Ó lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ kí touchpad dákẹ́ pátá. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò dandan, ẹ ṣe restore point, ìyẹn ibi tí Windows lè padà sí bí nǹkan bá bàjẹ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí máòsì USB sì wà nítòsí. Bó bá bàjẹ́, ẹ wọ Device Manager, ẹ ṣí Properties touchpad, ẹ lọ sí Driver, ẹ tẹ Roll Back Driver.

Mo fi Windows tuntun sí i, ọfà kò tilẹ̀ rìn rárá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi driver sí i nígbà tí n kò lè tẹ nǹkan?

Máòsì USB ló yá jù. Bí kò bá sí, kíbọọ̀dù nìkan tó: Windows mọ́ I fún Settings, Windows mọ́ X lẹ́yìn náà M fún Device Manager, Tab láti bọ́ síwájú, àwọn bọ́tìnnì ọfà láti rìn, Enter láti tẹ̀.

Ìdí tó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ touchpad òde òní kì í gba ọ̀nà PS/2 mọ́, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní I2C ló ń gbà. Ọ̀nà yìí náà nílò driver tirẹ̀. Lórí laptop tó ní ẹ̀rọ Intel, Serial IO lorúkọ driver náà. Lórí ti AMD, ẹ wá AMD I2C. Bí ọ̀nà bá ti dí, kò sí bí touchpad ṣe lè dé ọ̀dọ̀ Windows, kódà kí driver touchpad fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà ẹ fi driver chipset (ti mádàbọọ̀dù) àti Serial IO sí i kọ́kọ́, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ tó wá driver touchpad. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn fi Windows sórí laptop kì í ṣe é ní ẹsẹẹsẹ báyìí, wọ́n á wá sọ pé touchpad ti kú.

Lórí Acer, ohun mìíràn wà. Ẹ wọ BIOS, ẹ wá Touchpad ní abẹ́ Main. "Advanced" ni I2C, "Basic" ni PS/2. Bí driver kò bá tíì sí níbẹ̀, ẹ yí i sí Basic kí ọfà lè máa rìn ná, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà sí Advanced.

Kí ni àwọn àṣẹ ìka tí mo lè lò?

Lórí Windows 10 àti 11, ìka méjì tí ẹ fà sókè tàbí sódò ń yí ojú ewé. Ìka méjì tí ẹ kàn án fẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan dúró fún bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì. Ẹ ya ìka méjì sí ara wọn, ojú ewé á tóbi. Ẹ kó wọn jọ, á kéré.

Ìka mẹ́ta ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń yọ èèyàn nínú wàhálà nígbà tí ohun tó ṣí sílẹ̀ bá pọ̀. Ẹ fi mẹ́ta fà á sókè, gbogbo ohun tí ẹ ṣí á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì mú èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ fà á sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wọlé, ojú tábìlì nìkan á kù. Ẹ fà á sí ọ̀tún tàbí òsì, ẹ ó bọ́ sí ètò tó kàn. Bí ẹ bá fi ìka mẹ́ta kàn án fẹ́rẹ́, ibi ìwádìí á ṣí. Ìka mẹ́rin sí ọ̀tún tàbí òsì ń gbé yín láti ojú tábìlì kan sí òmíràn, bí ẹ bá ti ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ìka mẹ́rin tí ẹ kàn án fẹ́rẹ́ ń ṣí àwọn ìkéde tó wọlé.

Gbogbo èyí lẹ lè yí padà lójú Settings. Ẹni tó bá ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ ìka mẹ́ta di ohun tó ń pa ohùn mọ́lẹ̀ tàbí gbé e sókè.

Bí yíyí ojú ewé bá dà bí ohun tó dojú rú fún yín, tí ẹ fà á sódò tí ojú ewé ń lọ sókè, ẹ wá "Scrolling direction" kí ẹ yí i. Apple ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lórí kọ̀ǹpútà wọn ní ọdún 2011, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e.

Ojú ewé ìkànnì mi kàn ń tóbi, ó ń kéré, n kò sì tẹ nǹkan kan.

Àtàǹpàkò yín ló ń kan touchpad pẹ̀lú ìka mìíràn. Ctrl mọ́ 0 á dá ojú ewé padà sí bó ṣe yẹ. Bí ẹ kò bá nílò rẹ̀ rárá, ẹ mú àmì kúrò lára "Pinch to zoom" lójú Settings.

Bí mo bá ti so charger mọ́ ọn, ọfà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri. Ṣé kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà mi ni?

Rárá o. Iná ni. Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lọ, òun náà sì ni wọ́n fi ń ta touchpad tuntun fún àwọn èèyàn jù lọ.

Mo ti sọ pé ìyípadà kékeré nínú iná ni touchpad ń kà. Charger tí kò dára, tàbí èyí tí kò ní ẹ̀rùpẹ̀, ìyẹn wáyà earth, á máa rọ iná tó ń gbọ̀n wọ inú ara laptop. Touchpad ò lè mọ̀ yàtọ̀ láàárín ìgbọ̀nrìrì yẹn àti ìka yín. Ó lè rò pé ìka kejì ti dé, ó lè rò pé ìka yín ti sún, ọfà á wá máa sáré kiri, ojú ewé á máa tóbi fúnra rẹ̀.

Ilé wa sì kún fún ohun tó ń fa èyí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta wà lára ògiri, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná kò so wáyà earth mọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Charger tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù wá ń gba inú adapter kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì kọjá, earth sì parí síbẹ̀. Inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í yí geere bíi ti NEPA ń dá kún un, jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ò gbẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra irin ara laptop nígbà tó wà lórí iná, tí nǹkan kan ń ta yín wìnrìnwìnrìn, earth ni kò sí yẹn.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan: ẹ yọ charger. Bí ọfà bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, touchpad yín kò ní àrùn. Ẹ gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ yá charger ojúlówó lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ní irú laptop yín, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wo earth ilé yín. Earth yẹn kì í ṣe nítorí touchpad nìkan. Ẹ̀mí yín ló ń ṣọ́.

Bí mo bá ń tẹ̀wé, ọ̀rọ̀ á ṣàdédé fò lọ sí àárín ìlà mìíràn.

Àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò ló ń kan touchpad, tó sì kà á sí pé ẹ fẹ́ tẹ ibẹ̀. Ó máa ń yọ àwa tó ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá lẹ́nu ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù Yorùbá ń lo Alt ọ̀tún fún àmì àti fún ẹ, ọ, ṣ, bẹ́ẹ̀ ni àtàǹpàkò ọ̀tún á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn lókè touchpad gan-an.

Touchpad tó dára máa ń mọ àtẹ́lẹwọ́ yàtọ̀ sí ìka nípa bí ibi tó kàn ṣe fẹ̀ tó, ó sì máa ń dákẹ́ díẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì lórí kíbọọ̀dù. Ẹ lè mú kó túbọ̀ ṣọ́ra: lójú Settings, ẹ wá "Touchpad sensitivity", kí ẹ gbé e sí "Low sensitivity". Bó bá ṣì ń dà yín láàmú, ẹ pa tap, ìyẹn fífi ìka kàn án fẹ́rẹ́, pátá, kó jẹ́ pé àfi bí ẹ bá tẹ touchpad mọ́lẹ̀ gan-an kó tó ka nǹkan kan. Ohun tí èmi ń lò nìyẹn fún ìwé gígùn.

Touchpad kàn dákẹ́ lójijì. Àná ló ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kí ẹ tó ro nǹkan ńlá, ẹ wo kíbọọ̀dù. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì F tó wà lókè ní àwòrán touchpad lára. Fn mọ́ ọn ló ń pa á, òun náà ló ń tàn án. Ọmọdé lè ti fọwọ́ kàn án. Lórí àwọn HP kan, iná kékeré kan wà ní igun òsì lókè touchpad. Bí ẹ bá kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra, ó ń pa touchpad.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ihò USB. Bí ohun kékeré tí wọ́n fi ń gba máòsì aláìníwáyà bá ṣì wà níbẹ̀, kódà tí máòsì náà wà nínú àpò nílé, Windows lè gbà pé ẹ ń lo máòsì, kó sì pa touchpad. Àmì tó wà lára "Leave touchpad on when a mouse is connected" ló ń pinnu èyí.

Mo rí Code 10 lára I2C HID Device. Kí ni kí n ṣe?

Touchpad kọ̀ láti jí. Ẹ tẹ Restart. Mo ní Restart, kì í ṣe Shut down. Láti ìgbà Windows 8, Shut down kì í pa gbogbo nǹkan tán bí Fast Startup bá wà ní títàn. Ó ń tọ́jú apá kan kó lè tètè jí, àṣìṣe náà á sì bá a jí. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá lọ, ẹ pa á, ẹ yọ charger, ẹ di bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mú fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí iná inú rẹ̀ lè tán, kí ẹ tó tún un tàn. Lẹ́yìn náà ni Serial IO àti BIOS tuntun láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tí laptop bá sùn tó jí nìkan ló ń ṣe é, ẹ wọ Properties I2C HID Device, ẹ wá Power Management, kí ẹ mú àmì kúrò níbi tí wọ́n ti gba Windows láyè láti pa á nítorí iná.

Touchpad ti le láti tẹ̀, ó dà bíi pé ó wú sókè.

Ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ má fi í sórí iná. Bátìrì ló ń wú lábẹ́ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, touchpad jókòó sórí bátìrì tààrà, ooru àti ọjọ́ orí sì máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá jọ nínú bátìrì lithium. Ẹ gbé laptop sórí tábìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ti igun rẹ̀: bó bá ń mì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ ikùn, ó dájú. Bátìrì tó wú tí nǹkan bá gún lè gbiná. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n má gún un, kí wọ́n má sì jù ú sórí ààtàn. Bí wọ́n bá pààrọ̀ bátìrì nìkan, touchpad sábà máa ń padà sípò láìsí owó mìíràn.

Laptop mi kò lè gba Windows 11, mo fẹ́ lọ sí Linux. Ṣé àṣẹ ìka wà níbẹ̀?

Ó wà lórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ìbéèrè yìí sì ti pọ̀ láti October 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Lórí Linux, ohun tí wọ́n ń pè ní libinput ló ń bójú tó touchpad, kò sí driver tí ẹ máa lọ gbà. Ubuntu, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, tó ń lo GNOME 40 sókè (ètò ojú tábìlì rẹ̀), lórí Wayland (ètò tó ń gbé àwòrán sójú), ní ìka mẹ́ta tirẹ̀: sókè láti rí gbogbo ohun tó ṣí, ọ̀tún tàbí òsì láti bọ́ sí ibi iṣẹ́ mìíràn. Linux Mint, oríṣi mìíràn, náà ti ní in láti 21.2, lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n ẹ ní láti wọ Gestures kí ẹ tàn án fúnra yín.

Bí ọfà bá dákẹ́ lẹ́yìn tí laptop sùn, tí touchpad yín sì jẹ́ ti PS/2, ẹ ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Linux, ẹ kọ `sudo modprobe -r psmouse`, lẹ́yìn náà `sudo modprobe psmouse`. Fún I2C, `i2c_hid_acpi` ni kí ẹ fi rọ́pò psmouse.

Mo fẹ́ ra MacBook tòkunbọ̀. Mo tẹ touchpad rẹ̀ nígbà tó wà ní pípa, kò dún, kò sì wọlé. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Láti ọdún 2015 ni Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo Force Touch, tí ojú rẹ̀ kì í wọlé rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, tí ọwọ́ fi ń rò pé òun tẹ nǹkan. Bí kò bá sí iná, kò sí ìgbọ̀n. Ẹ tàn án kí ẹ tó dán an wò. Ìyẹn ò yọ ọ̀rọ̀ bátìrì tó wú kúrò o. Bí iná bá wà tó sì ṣì le, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ni kí n dán wò kí n tó san owó ní Computer Village?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi máòsì dán an wò fún yín. Ẹ fi ìka kan rọra yí gbogbo etí touchpad po, pàápàá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wò bóyá ọfà fò níbì kan. Ẹ ṣí ojú ewé gígùn, ẹ fi ìka méjì yí i. Ẹ ṣe é nígbà tó wà lórí bátìrì, kí ẹ tún ṣe é lórí charger tí wọ́n máa fún yín gan-an. Ẹ wọ Device Manager. Bí PS/2 nìkan bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi driver sí i kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Bó bá jẹ́ ThinkPad, ẹ yẹra fún T440 bí ẹ bá fẹ́ràn ohun pupa kékeré àárín kíbọọ̀dù tí wọ́n fi ń darí ọfà yẹn, torí wọ́n yọ bọ́tìnnì òkè touchpad kúrò lára rẹ̀. Wọ́n dá a padà lórí T450.

Wọ́n tú laptop mi láti fi RAM kún un. Láti ìgbà náà, touchpad kò sí nínú Device Manager rárá.

Wáyà pẹlẹbẹ kan wà tó so touchpad mọ́ mádàbọọ̀dù, tinrin bí ìwé, tí ìdè ṣíṣu kékeré kan di mú. Ó rọrùn láti yọ nígbà tí wọ́n bá ń gbé ìsàlẹ̀ laptop kúrò, bí ìdè náà kò bá sì pa dáadáa, wáyà á wà níbẹ̀ lójú lásán. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tú u. Kó kọ́kọ́ yọ bátìrì lójú iná, kó ṣí ìdè náà, kó fa wáyà jáde, kó wo ojú irin rẹ̀ bóyá ó ti ha tàbí ya, kó tì í wọlé tààrà títí dé òpin, kó tó pa ìdè dé e. Bí wáyà bá ya, wáyà náà nìkan ni wọ́n máa ń pààrọ̀ lára ọ̀pọ̀ laptop, owó rẹ̀ kò sì tó ti touchpad.